Ẹgbẹ́ kan fẹ́ ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún ilé-ẹ̀kọ́ wa: kí ni kí àwa olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè?

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ olùkọ́ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ tí ọ̀gá wa ní kí ó gbé ọ̀ràn kan yẹ̀wò. Ẹgbẹ́ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí púpọ̀ nínú wọn jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, fi ìwé ránṣẹ́ pé àwọn yóò yọ nínú owó tí àwọn ń dá jọ fún aṣọ àti ìlù ọdún Ojúde Ọba láti fi ra tábúlẹ́ẹ̀tì 40 fún wa. Inú wa dùn, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ ta irú oore bẹ́ẹ̀ dànù. Ohun tí wọ́n wá ń béèrè ni pé kí a kọ ohun tí a fẹ́ kí ó wà nínú rẹ̀ àti bí a ó ṣe máa lò ó, ibẹ̀ sì ni ẹnu ìgbìmọ̀ wa kò ti kò.

Àwọn kan ní kí a kó ìbéèrè àtijọ́ ti JAMB sínú rẹ̀, kí ó parí síbẹ̀, nítorí pé láti ọdún 2015 ni gbogbo olùdíje JAMB ti ń ṣe ìdánwò lórí kọ̀ǹpútà, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ní ọdún 2025 pé ti WAEC àti NECO náà yóò bọ́ sórí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2026. Àwọn mìíràn ní kí a fi fún àwọn ọmọ JSS gẹ́gẹ́ bí ìwé kíkà, níwọ̀n bí ìwé kò ti kárí. Igbákejì ọ̀gá wa ní tirẹ̀ fẹ́ kí a tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì títí ìjọba yóò fi fi olùkọ́ kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí wa. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo gbọ́ èyí, nítorí mo mọ ohun tí ìtìmọ́lé ti ṣe sí àwọn kọ̀ǹpútà tí a ti ní tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo tú ìdérí ọ̀kan nínú wọn, ẹyin ọmọńlé ni mo bá lórí ibi tí afẹ́fẹ́ yẹ kí ó máa gbà, wáyà rẹ̀ sì ti di oúnjẹ eku.

Ohun kan wà tí ó jẹ mí lógún ju ti ohun èlò lọ. Láti ọdún 1988 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà lórí ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1977 sì ti gba àtúnṣe ní ọ̀pọ̀ ìgbà. N kò rántí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni wá bi àwa tí a wà nídìí pátákó léèrè pé, "Èwo ló ṣiṣẹ́, èwo ni kò ṣiṣẹ́?" Bí a bá gba tábúlẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, báwo ni a ó ṣe lò ó tí ohun tí a bá rí ní kíláàsì yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ṣe ìlànà, kí ó má kàn jẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìfifúnni nìkan ni yóò kù nílẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Tíṣà Àgbà, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Èmi ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí kò tíì kúrò lára mi. Kí a tó dé orí tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ètò kan tí àwọn ọmọ agbègbè wa yìí kó ipa ńlá nínú rẹ̀. Ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú ni Awókọ̀yà tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun náà ni ó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ fún Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, lábẹ́ ìjọba tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ níbí, jẹ́ olórí rẹ̀. Ní ọdún 1952 ni ó gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni ètò náà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi àárín ìgbà náà ṣe ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ yín wò dáadáa. Wọ́n kọ́ kíláàsì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣí ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn olùkọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ọmọ bá rọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá olùkọ́ níbẹ̀, àga lásán ni a rà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ tí ó lé ní 800,000 jókòó sí kíláàsì ní ọdún 1955, olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò kárí. Àwọn tí wọ́n múra sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pàápàá kò rí i kárí. Mélòó mélòó ni àwa tí a fẹ́ gba tábúlẹ́ẹ̀tì kí a tó jókòó láti ronú?

Ẹ̀rọ aláwòrán nínú ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ yìí náà. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1959, ara iṣẹ́ tí wọ́n retí pé yóò ṣe ni láti máa gbé ẹ̀kọ́ lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kò tó. Rédíò ilé-ẹ̀kọ́ náà wà, kọ̀ǹpútà sì dé lẹ́yìn wọn. Ní ọdún 2013, ìjọba Ọ̀ṣun pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà, tábúlẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè àtijọ́ sínú rẹ̀. Nígbà àrùn kòrónà ní ọdún 2020, ìpínlẹ̀ Ògùn wa náà gbé ẹ̀kọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo ìgbà ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ dé, tí a sì wá ń wá olùkọ́ tí yóò bá a ṣiṣẹ́ kiri.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ kà sí àwòkọ́ṣe ni iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún 6, tí olùkọ́ tí ó mọ èdè Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ kejì ń tẹ̀lé bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, Yorùbá fún ọdún 3, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni wọ́n ṣe tí àwa kì í sábà ṣe: wọ́n kọ ìwé tuntun fún àwọn ọmọ náà, wọ́n kọ́ àwọn olùkọ́ ní bí a ṣe ń lò ó, wọ́n sì ní kíláàsì kejì tí wọ́n ń fi ti àkọ́kọ́ wé, tí wọ́n ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí àkọsílẹ̀ yẹn ni àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé fi ṣì ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà títí di òní.

Ní òdìkejì, ẹ wo Peru. Wọ́n pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko lábẹ́ ètò One Laptop per Child. Ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2012, tí ó wo ilé-ẹ̀kọ́ 319, fi hàn pé àwọn ọmọ náà ń lo kọ̀ǹpútà sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò àti kíkà wọn kò sàn ju ti àwọn tí kò rí gbà lọ. Bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni kò yí padà, nítorí náà ohun tí ọmọ ń rí kọ́ kò yí padà.

Bí mo bá wà nínú ìgbìmọ̀ yín, n ó bẹ ẹgbẹ́ náà pé kí wọ́n ra 25, kí wọ́n sì fi owó 15 yòókù ṣe ohun tí fọ́tò kò lè yà: iná, ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún àwọn olùkọ́ ní àsìkò ìsinmi, àti ẹni tí yóò máa bójú tó o. Olówó Ìjẹ̀bú mọ ìṣirò. Bí ẹ bá là á yé wọn, wọn yóò gbọ́.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Ṣágámù

Mo kí yín o, mo sì júbà bàbá wa ní Ìkẹ́nnẹ́. Mo fara mọ́ 25 tí ẹ sọ, bàbá, àyàfi pé n kò fẹ́ kí ìtàn gbé wa fo ìdánwò, nítorí òun ni àwọn òbí yóò fi dán ilé-ẹ̀kọ́ wò.

Ìbéèrè 180 ni JAMB ń fún ọmọ ní wákàtí 2: 60 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan iṣẹ́ mẹ́ta yòókù. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kan. Mo ti rí ọmọ tí ó mọ ìdáhùn, tí ó ń fi ọwọ́ ti máòsì kiri bí ẹni ń wá nǹkan nínú òkùnkùn, nítorí kò mọ bí yóò ṣe padà sí ìbéèrè tí ó fò. Bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ni JAMB ní kí ọmọ mọ̀ bí kò bá fẹ́ lo máòsì: A, B, C àti D láti mú ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R láti yí ọkàn padà bí ó bá ti fi ọwọ́ kan S láìmọ̀. Ojú gíláàsì tábúlẹ́ẹ̀tì kò ní kọ́ ọmọ ní èyí. Ẹ ní kí ẹgbẹ́ náà fi kíbọ́ọ̀dù kékeré tí a ń so mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì kún un, tàbí kí wọ́n fi díẹ̀ nínú owó náà ra kọ̀ǹpútà alágbèéká. Ohun tí kò wọ́n rárá ni mo ń sọ, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òun ni yóò wúlò jù nínú gbogbo rẹ̀.

Lórí iná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi jẹnẹrétọ̀ dẹ́rù bà yín. Tábúlẹ́ẹ̀tì tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh ń gba bíi wáàtì-wákàtí 19 kí ó tó kún. Bí a bá fi ohun tí ṣájà ń fi ṣòfò kún un, ẹ ka wáàtì-wákàtí 25. Gbogbo 40 pàápàá yóò gba yúnìtì kan péré (wáàtì-wákàtí 1,000) lórí mítà, irú yúnìtì tí ẹ ń rà sínú mítà ilé yín. Bátìrì íńfátà onífóltì 12 (12 V) tí ó jẹ́ 200 Ah ń gba nǹkan bíi yúnìtì 2 àti díẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ lo ju ìdajì rẹ̀ lọ bí ó bá jẹ́ ti olómi, kí ó má baà tètè kú. Ó tó yín, bí ẹ bá ní sólà tí yóò dá a padà lójúmọmọ.

Ti dátà ńkọ́? Ẹ kò nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń jẹ́ Kolibri, ọ̀fẹ́ ni, ẹgbẹ́ Learning Equality ni ó ṣe é fún ibi tí íńtánẹ́ẹ̀tì kò dé. Ẹ ó kó ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà náà yóò sì máa pín in fún àwọn tábúlẹ́ẹ̀tì nínú kíláàsì láti orí ẹ̀rọ wáì-fáì kékeré tí kò ní síìmù. Ètò mìíràn tí ń jẹ́ Kiwix lè gbé Wikipedia fún yín lọ́nà kan náà, títí kan ti Yorùbá. Ní ti ìbéèrè yín lórí ohun tí yóò dé etí ìjọba, Kolibri ń fi han olùkọ́ pé ìbéèrè báyìí ni ọmọ báyìí kùnà. Àkọsílẹ̀ tí bàbá ń wí ni ìyẹn, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò máa kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí kọ́bọ́ọ̀dù igbákejì ọ̀gá: bátìrì tí a tì mọ́lé ní òfìfo ní ìsinmi gígùn, láti oṣù Keje títí di oṣù Kẹsàn-án, lè má jí mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó kún dé ìdajì kí ẹ tó tì í.

Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ kú àlàyé o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Òbí ni mo jẹ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí wọ́n gbé títún tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe sí ọrùn àwọn òbí nígbà tí ó bá yá, tí a ó wá máa san owó rẹ̀ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ta ni yóò máa tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́.

Èkejì ni èdè. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6, inú wa dùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 wọ́n ní àwọn ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ mi tí ó wà ní JSS 2 sọ fún mi pé ìgbà tí olùkọ́ ìṣirò wọn bá yí sí Yorùbá ni ó máa ń yé òun. Ṣé ìṣirò Yorùbá yóò wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ kó sínú ẹ̀rọ yìí? Bí kò bá sí, ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ju ìwé tí ọmọ mi ń sun lé lórí lọ.

Ẹ dákun, ẹ má gbé fọ́tò ọmọ wa sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ náà fún yín.

Olùkọ́ Ìṣirò, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìyá wa, òótọ́ ni ẹ sọ: èmi náà ń yí sí Yorùbá nígbà tí mo bá dé orí ìdọ́gba tí a ti ń wá iye tí a kò mọ̀ (equation), ojú àwọn ọmọ a sì là. Kò sí ibi kankan tí mo ti rí i kọ sílẹ̀ pé mo ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́sìn nóòtì mi, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, nítorí ohun tí aláyẹ̀wò fẹ́ rí nìyẹn. Nípa bẹ́ẹ̀, bí àwọn tí ó wà lókè bá ní kò sí ẹ̀rí pé Yorùbá wúlò ní kíláàsì, a kò lè dá wọn lẹ́bi tán.

Èyí ni ó mú mi padà sí ìbéèrè mi kejì. Arákùnrin wa ní Ṣágámù ní ẹ̀rọ yóò máa kọ ọ́. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò sọ pé ọmọ kùnà ìbéèrè 7. Kò ní sọ pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìbéèrè náà ni kò yé e. Bí èmi bá kọ ọ́ tí mo sì fi síta, ṣé òfin iṣẹ́ ọba kò ní mú mi?

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà, Ṣágámù

Mo gba èyí, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí ẹ kọ ìdánrawò tiyín sínú rẹ̀. Kolibri gba ohun tí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹ lè fi ohùn yín ka àlàyé ní Yorùbá, kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ kí ó gbọ́. Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google lórí fóònù, ní Yorùbá: bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ lẹ́tà e tàbí o mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmì yóò yọ. Lẹ́yìn náà ẹ fún kíláàsì kan ní ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ẹ fún èkejì ní èyí tí ó ní àlàyé Yorùbá, ẹ sì wo ìyàtọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ní Modákẹ́kẹ́ náà nìyẹn, ó kàn kéré sí i ni. Kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ ní táàmù kejì, kí kíláàsì kankan má baà pàdánù.

Tíṣà Àgbà, Ìkẹ́nnẹ́

Àbá tí ó dára gan-an nìyẹn, ọmọ mi. Mo fẹ́ dáhùn ti òfin, olùkọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìjọba láìgba àṣẹ, òfin iṣẹ́ ọba wí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Tai Ṣólàrín, tí ó dá Mayflower sílẹ̀ ní ìlú wa níbí ní ọdún 1956, kọ èrò rẹ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ sínú ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dé ẹ̀wọ̀n ní ìgbà ìjọba ológun. Ṣùgbọ́n òun ni ó ni ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba. N kò ní sọ pé kí ẹ fi iṣẹ́ yín tayò.

Ọ̀nà tí kò ní wàhálà wà. Ẹ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìròyìn iṣẹ́ sí ọ̀gá yín, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí àríwísí ìjọba: kíláàsì báyìí, àkòrí báyìí, ohun tí a lò, iye ọmọ tí ó rí i ṣe ṣáájú àti lẹ́yìn, ohun tí wọ́n sọ. Ẹ yọ orúkọ àwọn ọmọ kúrò pátápátá. Lórí fọ́tò, òfin ààbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 béèrè ìyọ̀ǹda òbí kí a tó lo ohun tí ó jẹ mọ́ ọmọdé, nítorí náà ìyá wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó kò sọ àsọdùn. Kí ọ̀gá yín buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà kan lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní agbègbè yín, kí ẹ̀dà kejì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí ó fún yín lẹ́bùn. Ẹ má fojú kéré èyí tí ó kẹ́yìn yẹn. Ẹgbẹ́ tí ó ń jó ní Ojúde Ọba lọ́dọọdún mọ ẹni tí ó mọ kọmíṣọ́nnà. Bí ìwé náà bá tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, yóò dé ibi tí ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì lè má dé.

Tí ẹ bá ti fẹ́ kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ náà, ẹ fi ìwé mẹ́ta pọ̀: ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn olùkọ́, ìṣirò iná tí arákùnrin wa ní Ṣágámù ṣe, àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe tí kò ní jẹ́ òbí. Ẹ fi tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ sí ojú ìwé tí ó kẹ́yìn.